Bí ilé ṣe lè máa bójú tó ẹ̀jẹ̀ ríru kí ọjọ́ dókítà tó pé

Gbogbo ilé tí ẹni ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà ní Òṣogbo yìí, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ó ní: ìwé ìkọ̀wé kan, bírò kan, àti ẹ̀rọ BP tí wọ́n ń wé mọ́ apá láti fi wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru tó. Bí owó ẹ̀rọ kò bá tíì sí, ẹ ra ìwé àti bírò ná. Mo ṣe nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé dókítà kì í rí aláìsàn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lóṣù kan, tàbí lóṣù mẹ́ta. Ìyókù ọjọ́ di ti ilé. Ìyàwó tó ń se ọbẹ̀, ọmọ tó ń ra oògùn, ọmọ-ọmọ tó ń sùn ní yàrá ìyá àgbà, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ti gidi.

Nítorí náà n kò rí ìdí tí ìlànà tí àwọn oníṣègùn ń tẹ̀ lé yóò fi jẹ́ ohun tí wọ́n tì mọ́ inú ọ́fíìsì. Mo fẹ́ tú u sílẹ̀ níbí bí mo ṣe ń tú u fún àwọn tó ń wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Òkè-Baálẹ̀, tí wọ́n á ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi yẹ BP yìí wò," tí wọ́n á sì ti na apá sí mi kí ìdí wọn tó kan àga.

Nọ́ńbà méjèèjì

Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ máa ń gbé jáde. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni agbára tó kù nínú iṣan nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kó tó tún lù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ti òkè bá tó 140 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ kíyè sí "tàbí" yẹn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ti òkè wọn máa ń wà ní 160 tí ti ìsàlẹ̀ á wà ní 78, tí wọ́n á sì sọ pé kò burú, ìkan ṣì dáa. Ìkan tó dáa kò gba èkejì sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé lẹ ti wọ̀n ọ́n, 135 lórí 85 ni ààlà, torí ara máa ń balẹ̀ nílé ju iwájú ẹni tó wọ aṣọ funfun lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn fa ààlà wá sí 130 lórí 80 ní ọdún 2017. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín tó wà ní Houston fi lè máa pariwo lórí fóònù lórí nọ́ńbà tí dókítà níbí ní ká ṣì máa wò. Kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn. Dókítà tó ń tọ́jú ẹni yín ni kí ẹ bi pé nọ́ńbà wo ló fẹ́ kí Màmá dúró sí, kí ẹ sì kọ ọ́ sí iwájú ìwé náà gàdàgbà. Ẹni tí àìsàn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn kíndìnrín bá wà lára rẹ̀, wọ́n lè fẹ́ kó wálẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ẹ má sì dúró de kí orí fọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í mọ nǹkan kan lára rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò sì mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo àwọn tó ní in. Ẹni tó ń sọ pé "èmi mọ ìgbà tí tèmi bá ga" ń méfò ni.

Wíwọ̀n ọ́n kí ó jóòótọ́

Ibí yìí ni mo ti máa ń pẹ́ jù, torí ibí ni wọ́n ti ń ṣe é bí kò ṣe yẹ, àti nílé àti níta. Mo ti rí i kí wọ́n wé ẹ̀rọ mọ́ orí apá aṣọ òfì. Mo ti rí ẹni tó ń jà lórí fóònù pẹ̀lú oníbàárà rẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń fẹ́. Nọ́ńbà tó bá jáde nírú ìyẹn, ìjà yẹn ló wọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà. Èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ rà. Ti ọrùn ọwọ́ rọrùn láti gbé kiri, àmọ́ bí ọwọ́ bá ṣe yẹ̀ díẹ̀ ni nọ́ńbà náà ń yẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n apá tó bá a mu sí ara rẹ̀, bí 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, ẹ wọn àárín apá, láàárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Màmá tí apá rẹ̀ bá tó 36, tí ẹ wá fi èyí tó mọ ní 32 wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà rẹ̀ á ga ju bó ṣe rí lọ, wọ́n á sì máa fi oògùn kún oògùn fún un lórí ẹ̀sùn tí aṣọ ẹ̀rọ dá. Aṣọ ńlá wà lọ́tọ̀, ẹ bèèrè rẹ̀ níbi tí ẹ bá ti fẹ́ ra ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó.

Ó ku ẹni tí a fẹ́ wọ̀n. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ mu kọfí, kò gbọdọ̀ mu sìgá, kò gbọdọ̀ jẹ obì. Bẹ́ẹ̀ ni, obì. Ohun tó wà nínú kọfí tó ń jẹ́ kéèyàn má sùn wà nínú obì náà, ẹ̀yin bàbá tó ń bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ pẹ̀lú awẹ́ méjì. Kó lọ tọ̀ kó tó jókòó, torí ìtọ̀ tó kún máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Kó jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kó fẹ̀yìn tì í, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ pẹrẹsẹ, kó má gbé ìkan lé ìkan. Ẹ ká apá aṣọ sókè tàbí kí ẹ bọ́ ọ. Ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba. Apá tó bá fà wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga yóò mú nọ́ńbà ga. Kó jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó má sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin náà má bi í ní nǹkan kan, kí ẹnikẹ́ni má kí i. Mo mọ̀ pé èyí nira ní ilé Yorùbá tí ènìyàn ń wọlé tí wọ́n ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ wọn apá ọ̀tún àti òsì. Èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì ni ẹ ó máa lò títí.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sí àárín, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má mú èyí tó dáa kí ẹ fi èyí tí kò dáa sílẹ̀. Mo mọ̀ yín.

Bí dókítà bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí gan-an, ẹ wọ̀n ọ́n báyìí fún ọjọ́ méje: láàárọ̀ kí ó tó lo oògùn kí ó sì tó jẹun, àti lálẹ́. Bí méje bá nira, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, torí ara kì í tíì mọ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ wá ṣe ìṣirò ìyókù: ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n pín in. Ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é, ẹ fún un níṣẹ́.

Tí ọjọ́ méje bá ti pé, ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí kọ́bọ́ọ̀dù títí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ dókítà yóò fi dé, àyàfi tí dókítà bá sọ nǹkan mìíràn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń wé e mọ́ apá. Ẹ̀rù nọ́ńbà tó kọjá ló ń gbé èyí tó ń bọ̀ sókè.

Ohun tí ẹ ó kọ sínú ìwé

Ẹ fa ìlà. Ọjọ́, àkókò, nọ́ńbà òkè, nọ́ńbà ìsàlẹ̀, ìlù ọkàn (ẹ̀rọ máa ń gbé òun náà jáde), oògùn tí ó lò àti èyí tí kò lò. Ìlà tó kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó fẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀. "Kò sùn." "Ó ti ibi òkú dé." "Ẹsẹ̀ wú." "Oògùn tán láti ọjọ́ Ẹtì." Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí wúlò fún dókítà ju ìròyìn gígùn tí ẹ máa ń rò fún un ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó ti ń pe ẹni tó kàn.

Ojú-ewé tó kẹ́yìn jẹ́ ti oògùn: orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà lára páálí, agbára rẹ̀ (5, 10, 25...), ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n yọ kúrò àti ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. "Hóró funfun kékeré" kì í ṣe orúkọ oògùn. Ìdajì oògùn tó wà ní ìgboro ló funfun tó sì kéré.

Ojú-ewé tó ṣáájú ìyẹn, àyẹ̀wò. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n wo ìtọ̀ rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti ìlù ọkàn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń yà á sórí ìwé. Bí owó gbogbo rẹ̀ kò bá sí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bèèrè pé èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àìsí owó àyẹ̀wò dá oògùn dúró. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní ọdún 2021 sọ èyí kedere: àyẹ̀wò dára, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìtọ́jú pẹ́. Ó tún ní kí oògùn bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ìgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí wọ́n máa rí ẹni náà lóṣooṣù títí nọ́ńbà yóò fi dúró síbi tí wọ́n fẹ́, lẹ́yìn náà kó di oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí wọ́n bá fún yín ní ọjọ́ tó jìnnà ju èyí lọ nígbà tí nọ́ńbà kò tíì wálẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìdí. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bèèrè, ẹ̀yin náà mọ bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ tó níbẹ̀.

Ìkòkò ọbẹ̀

Iyọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà kan jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn kò tó ṣíbí tíì kan. Kì í ṣe èyí tí ẹ bù sínú ọbẹ̀ nìkan. Àpapọ̀ rẹ̀ ni: èyí tó wà nínú búrẹ́dì, nínú Indomie, nínú ẹja gbígbẹ oníyọ̀, nínú mágì, nínú írú tí wọ́n fi iyọ̀ sí kó má bàa bàjẹ́. Mágì ni ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Màmá á ní òun kò fi iyọ̀ sí i rárá, ẹ ṣí ìdọ̀tí wò, bébà mágì mẹ́fà.

Kán-ún náà ńkọ́? Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ru wà nínú kán-ún. Ewédú tí a fi ìjábẹ̀ já dáadáa nígbà tó gbóná, kò nílò kán-ún kó tó yọ̀. Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jà lórí èyí, n ó sì tún bá wọn jà.

Ẹ má se ọbẹ̀ ọ̀tọ̀ fún Bàbá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n gbé àwo aláìsàn síwájú rẹ̀ lójú àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní pẹ́ tí á fi máa dá jẹun ní búkà. Ẹ dín iyọ̀ ìkòkò gbogbo ilé kù, kí ẹ dín in díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ahọ́n á bá a lọ. Ẹ fi alùbọ́sà, atalẹ̀, efinrin, ata rodo àti írú tí kò ní iyọ̀ rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń ta írú ní Ìgbọ̀nà mọ èyí tí wọ́n fi iyọ̀ sí àti èyí tí wọn kò fi sí, tí ẹ bá bi wọ́n. Ẹja gbígbẹ tó ní iyọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí ẹ da omi náà nù. Ẹ gbé agolo iyọ̀ kúrò lórí tábìlì oúnjẹ.

Rírìn: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ìrìn náà yá débi pé ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọrin. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú kórópe kó tó dé ibi tí ẹ ń lọ. Ọtí, ẹ dín in kù, sìgá, ẹ pa á tì. Ìyẹn yé gbogbo ènìyàn.

Oògùn

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò dà bí oògùn ibà tí a ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta tí a sì ń dáwọ́ dúró. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀, oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ dá a dúró, yóò tún gòkè, nígbà mìíràn lójijì. Kí ọjọ́ méje tó kù kí ó tán ni kí ẹ ti ra òmíràn. Bí owó ló fà á, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tàbí apòògùn láìtijú. Oògùn kan náà sábà máa ń wà lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ púpọ̀, owó wọn kì í sì í dọ́gba. Ẹ bèèrè nípa ètò ìlera adójútòfò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà, kí ẹ mọ ohun tí ó ń san àti ohun tí kò san.

Àwọn ohun tí oògùn ń ṣe tó ń mú kí ènìyàn sọ ọ́ nù, ó yẹ kí ẹ ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ tí oògùn ikọ́ kankan kò ní wò. Ẹ ò ní dá wọn dúró fúnra yín, ẹ ó padà lọ sọ ọ́, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètè, ahọ́n tàbí ojú bá wú lára ẹni tó ń lo lisinopril, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kó má sì tún fi oògùn náà kan ẹnu mọ́. Oògùn tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa tọ̀, àárọ̀ ni kó lò ó, àyàfi tó bá fẹ́ràn kó máa jí lóru. Àgbàlagbà tí òòyì ń kọ́ nígbà tó bá dìde, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìjókòó, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìdúró, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Oògùn rẹ̀ lè ti pọ̀ jù.

Oògùn mìíràn wà tó ń ba iṣẹ́ oògùn yìí jẹ́. Diclofenac àti ibuprofen tí ẹ ń lò fún ẹ̀yìn àti orúnkún máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì ń pa kíndìnrín lára. Paracetamol dára jù wọ́n lọ fún ẹni ẹ̀jẹ̀ ríru, bí kò bá ti kọjá ìwọ̀n. Àwọn oògùn kàtá tó ń ṣí imú náà wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ ní Old Garage, tó ń wo ara ríro, àìlèsùn, jẹ̀díjẹ̀dí àti ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ pọ̀, n kò ní sọ ju pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àgbo, mi ò ní bá yín jà lórí rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ ó mu ún. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ ohun mẹ́ta: kó má jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ, kó má rọ́pò oògùn, kí ẹ sì kọ orúkọ ewé tí ẹ bá mọ̀ sínú ìwé kí dókítà rí i. Bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí ìtọ̀ bá dín kù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dá a dúró.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Àwọn páálí kan ní ibi tí ẹ lè ha, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Ẹ máa ha á. Ọ̀fẹ́ ni.

Oṣù àwẹ̀ ń gbé ìbéèrè tirẹ̀ wá, torí Mùsùlùmí pọ̀ nílùú wa. Oògùn tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ rọrùn láti gbé lọ sí ìgbà ìṣínu tàbí sààrì. Èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àti oògùn ìtọ̀ nínú oòrùn yìí, ẹ lọ bá dókítà kí oṣù tó wọlé kó tò wọ́n fún yín. Kì í ṣe lọ́jọ́ kejì àwẹ̀ tí òòyì ti ń kọ́ yín. Àwọn onígbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín bákan náà.

Nígbà tí ó bá di kíákíá

Ẹ̀rọ gbé 180 jáde fún òkè, tàbí 120 fún ìsàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ṣì ga bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é, ẹ pe dókítà tàbí kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ hóró kan di méjì. Ẹ má fi nifedipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀: ó lè já ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójijì débi tí ọpọlọ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó máa lò. Bí àyà bá ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí ojú rẹ̀ ṣú, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, tàbí tí apá kan kò lágbára, ilé ìwòsàn ni, nísinsìnyí.

Rọpárọsẹ̀ kì í sábà dúró de ẹ̀rọ. Ẹ kọ́ gbogbo ọmọ ilé tó ti lè lo fóònù ní ohun mẹ́ta yìí. Ẹ ní kí ẹni náà rẹ́rìn-ín: ṣé ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ẹ ní kó gbé apá méjèèjì sókè kó dì í mú: ṣé ìkan ń jábọ́? Ẹ ní kó sọ pé, "Òṣogbo ni mo ń gbé": ṣé ó já gaara? Bí ọ̀kan péré nínú wọn kò bá dára, kódà kó tún dára padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé e. Ẹ wo aago, kí ẹ kọ ìgbà tí ẹ rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín nìyẹn, torí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì kì í sábà ṣeé lò lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀, wọn kì í sì í lò ó láìṣe àwòrán ọpọlọ.

Ohun tí ẹ ò ní ṣe: ẹ ò ní fún un ní omi, oúnjẹ, epo pupa tàbí àgbo, torí ó lè má lè gbé nǹkan mì, yóò sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ ò ní fún un ní aspirin, torí rọpárọsẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, aspirin á dá kún un. Ẹ ò ní fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àfikún. Ẹ ò ní fi abẹ́rẹ́ gún orí ìka rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp yẹn. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má dúró kí àlùfáà tàbí pásítọ̀ dé. Wọ́n lè bá yín nínú ọkọ̀, àdúrà máa ń gbà níbẹ̀.

UNIOSUN Teaching Hospital, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH, àti State Specialist Hospital ní Àṣúbíàrò ni ibi ńlá tó wà nígboro fún irú èyí. Ẹ jókòó pinnu ṣáájú, lọ́sàn-án gangan, èwo ló yá láti dé láti ilé yín lóru, ọ̀nà wo ni ẹ ó gbà lọ́jọ́ tí ọdún Ọ̀ṣun bá di títì ní oṣù kẹjọ, àti aládùúgbò wo ló ní ọkọ̀ tó ń jí bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni méjì bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, ẹ kọ òun náà sí i.

Aboyún

Èyí kúkúrú, ṣùgbọ́n kò kéré. Aboyún tó ti lé ní oṣù márùn-ún tí BP rẹ̀ bá tó 140 lórí 90, kì í ṣe èyí tí a ń fi ọjọ́ méje kọ sínú ìwé. Ọjọ́ náà ni kó lọ. Bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ, tí ojú ń rí bàìbàì, tí òkè ikùn ń dùn ún, tí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, kó lọ ní wákàtí náà, torí gìrì oyún ló lè tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń lo lisinopril tàbí losartan tó bá rí i pé òun lóyún, tàbí tó ń wá oyún, kó sọ fún dókítà kíákíá kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, torí wọ́n lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Oògùn tó bá oyún mu wà.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókèèrè

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ló ń ra oògùn, ẹ ṣeun. Ẹ má máa bi Màmá pé "ṣé ẹ ti lo oògùn?" torí "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò máa jẹ́ ìdáhùn. Ẹ ní kí ẹni tó wà nílé ya àwòrán ojú-ewé ìwé náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọjọ́ tí oògùn tán. Ẹ má fi oògùn tí dókítà yín lọ́hùn-ún kọ fún yín ránṣẹ́ sí i, ẹ má sì pààrọ̀ tirẹ̀ lórí fóònù. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, kí wọ́n kà á fún dókítà níbí. Ẹ̀rọ BP ni kí ẹ rà ránṣẹ́, èyí tó ní aṣọ apá tó gba ìwọ̀n rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì àpọ̀jù, torí ẹ mọ bí iná ṣe rí. Bí ẹ bá sì wálé lọ́dún, kí ẹ̀yin náà na apá: àrùn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kò sì ní ìdí láti máa bẹ̀rù nọ́ńbà ìyá rẹ̀ nígbà tí kò mọ tirẹ̀.